Bàbá, Múfú àti Páàsì Tí Mo Ń Kà

Nígbà tí Bàbá kú, àwọn ẹbí ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa wọn sínú ìwé ìsìnkú, torí pé èmi ni mo kàwé jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo kọ ọ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí wọn, pé wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, wọ́n wá sí Ṣómólú, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì di díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ orúkọ wọn kúrò níbẹ̀, tí ẹ fi ti bàbá ẹlòmíràn sí i, kò sí ohun tó máa yí padà. Bàbá fúnra wọn ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àìmọye olókùú ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka ọ̀kan tán, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ta ló kú níbí?"

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní irú ìbéèrè yẹn nípa tiwọn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyí.

Bàbá kò ga. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé ti gé orí ìka kan lọ́wọ́ òsì wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n lè fi àtàǹpàkò ṣí etí òkìtì bébà gbọ̀rọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ iye tó wà níbẹ̀ fún ẹ, kò sì ní fi ẹyọ kan yẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé wọ́n kórìíra kíka nǹkan. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan pé bíi Bàbá. Tí wọ́n bá ń rìn lọ ní ojú ọ̀nà Pedro, bírò kì í kúrò lápò wọn. Pátákó tí wọ́n bá rí tí àmì ohùn rẹ̀ kò pé, wọ́n á dúró, wọ́n á fi àmì sí i. Lọ́jọ́ kan, gẹ́rígẹ́rí kan ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń bà jẹ́ níbẹ̀?" Bàbá kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Mò ń tún orúkọ ẹ ṣe ni. Èyí tí o kọ síbí kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni."

Ohun kan wà tí Bàbá kò lè ṣe, ìyẹn ni kí wọ́n bẹ ènìyàn. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n á bá ẹ tún nǹkan ṣe, ìwọ náà á sì fòye gbé e. Lọ́dún kan, wọ́n pariwo mọ́ màmá mi, tí í ṣe ọmọ wọn obìnrin, lójú àwọn àlejò tó wá láti ilé. Màmá mi sunkún wọ yàrá. Nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Bàbá lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú òòlù, wọ́n ń tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó ti bàjẹ́ fún ọdún mẹ́ta ṣe. Màmá mi dúró tì wọ́n, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀bẹ̀ nìyí?" Bàbá kan ìṣó tó kù, wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Nígbà tí ojú wọn kò gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ́, bọ́ọ̀lù ni Bàbá gbájú mọ́. Wọ́n ti gbá a nígbà èwe wọn, wọn ò sì lókìkí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti àdúgbò Pedro, Fọlá Àgọ́rò àti Ìlàjẹ kó ara wọn jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ìrẹ̀pọ̀, wọ́n sì ní kí Bàbá wá máa ṣe kóòṣì àwọn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá ń gbé àga oníke wọn lọ sí pápá. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n fúngbà àkọ́kọ́ máa rò pé ojú ń dùn wọ́n, torí pé tí gbogbo ènìyàn bá kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ibòmíràn ni Bàbá ń wò. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, mo ní, "Bàbá, apá ibí ni bọ́ọ̀lù wà o." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ibi tó fẹ́ lọ tí kò lè lọ ni mò ń wò."

Múfú ló sábà máa ń wà ní ibi tí wọ́n ń wò yẹn. Mùfútáù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Fọlá Àgọ́rò, tí Bàbá máa ń ra ẹja ọ̀sẹ̀ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín pápá ni Múfú ń gbá, níwájú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Kò yára, kò sì lẹ́wà lójú. Tí ọ̀tá bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, á gbé orí sókè láti wo ẹni tó máa gbá a fún, á rí Múfú lójú ọ̀nà, á sì dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn. Bí gbogbo eré ṣe ń rí nìyẹn. Bọ́ọ̀lù kì í sábà kàn án lẹ́sẹ̀.

Mo parí yunifásítì, ìṣirò ni mo kọ́, mi ò sì ríṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya eré Ìrẹ̀pọ̀. Tí mo bá délé, mo máa ń wò ó padà, mo máa ń ka gbogbo páàsì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá, èyí tó dé àti èyí tó bọ́. Inú àwọn ọmọkùnrin náà dùn. Wọ́n ní a ti ń ṣe bíi ti òkè òkun. Táyé, tó ní páàsì jù lọ, ya àwòrán nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù, ó sì ń fi han ènìyàn. Inú Bàbá náà dùn sí mi. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ pé, "Láti òní lọ, Àjọkẹ́ ni yóò máa ṣe ìṣirò wa. Ẹnikẹ́ni kò ní dá sí i, àti èmi náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń ṣe ojúsàájú."

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tó sún mọ́ wọn jù, síwá sẹ́yìn, kí nọ́ńbà wọn lè lọ sókè. Múfú wá bá mi nílé, ó ní, "Àǹtí, èmi ń kọ́?" Mo fi tirẹ̀ hàn án. Òun ló kéré jù, kò tó ìdajì ti Táyé. Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Nínú eré tó tẹ̀ lé e, ó kúrò láyè rẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù káàkiri bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Wọ́n na Ìrẹ̀pọ̀. Bàbá bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní, "Bàbá, Àǹtí ní mi ò kì í fún ẹnikẹ́ni ní páàsì."

Bàbá wá bá mi. Wọn ò bínú. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, òjé kéékèèké tí lẹ́tà wà lórí wọn ni wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, wọ́n máa ń ki òjé tí kò ní lẹ́tà lórí bọ̀ ọ́. Òjé yẹn kì í tẹ ohunkóhun sára bébà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á tún gbogbo ojú ìwé náà tò, torí pé ẹnikẹ́ni kò ní lè kà á. Mo ní ó yé mi, ṣùgbọ́n mo ní mi ò lè ka ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Lẹ́tà lò ń kà, Àjọkẹ́. O rò pé ìwé lò ń kà."

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan pè wá. Ó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan. Ó ní òun fẹ́ wá wo Ìrẹ̀pọ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni márùn-ún ránṣẹ́ sí òun, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, torí pé àwọn yẹn nìkan lòun máa wò. Mo to nọ́ńbà wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì mú márùn-ún àkọ́kọ́. Bàbá gba bébà náà lọ́wọ́ mi nílé, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Orúkọ Múfú dà?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Òun ló kéré jù."

"Fi sí i."

"Tí mo bá fi sí i, ta ni kí n yọ? Kí ni kí n sọ fún ẹni tí mo yọ?"

Wọ́n rántí ohun tí wọ́n ti sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́, Bàbá kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti sọ.

"Kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, kí n ronú. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn sí iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo ní, "Kí ni kí n kọ, Bàbá? Pé ó máa ń dúró dáadáa?" Mo sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Pé ó máa ń dúró dáadáa."

Mi ò kọ ọ́. Mo fi orúkọ márùn-ún náà ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà dé, Bàbá lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápá. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n nawọ́ sí Múfú, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kò rí wọn fín. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Nọ́ńbà ni àwọn tó rán mi níṣẹ́ máa bèèrè lọ́wọ́ mi." Ó lọ jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀.

Títí di àsìkò ìsinmi, kò sí ohun tó dára tó eré yẹn. Ìrẹ̀pọ̀ ti gbá góòlù kan wọlé. Táyé ń ṣe bó ṣe wù ú láàárín pápá, ọkùnrin náà sì ń kọ̀wé. Kò sí ẹni tó ń wo Múfú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà wọlé, Bàbá ní, "Múfú, jókòó." Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọn ò sọ ìdí fún un, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi mọ̀ ọ́n. Mo sáré lọ bá wọn. "Bàbá, kí lẹ ń ṣe yìí?"

Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ó rí i."

Kò pẹ́ rárá. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín pápá bí ilé tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Góòlù àkọ́kọ́ wọ àwọ̀n Ìrẹ̀pọ̀, ìkejì tẹ̀ lé e. Táyé, tí bọ́ọ̀lù kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ń nawọ́, ń pariwo, kò rí i gbà. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ń bú ara wọn. Nígbà tí ìkẹta wọlé, Múfú kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àga Bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Ẹ wò wọ́n." Eré ọ̀rẹ́ ni, òfin kò dí wọn lọ́wọ́, wọ́n lè dá a padà. Ojú ọkùnrin tó jókòó lápá kejì ni wọ́n ń wò, wọ́n ń retí kí ó yíjú sí ẹni tó kúnlẹ̀ yìí. Kò yíjú. Góòlù kẹrin wọlé. Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé, ó dáhùn ìpè kan lórí fóònù, ó sì dìde. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò. Mo fẹ́ ṣàlàyé, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì tó." Nígbà tí Bàbá fi máa rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Bàbá dúró nínú eruku náà, wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú ẹ̀, kò sì rí nǹkan kan."

Ẹni márùn-ún ni Bàbá dí ọ̀nà fún lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n lè ṣí i fún ẹnì kan, kò sì ṣí fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní fi èyí pamọ́ torí pé bàbá mi àgbà ni wọ́n. Bàbá Táyé wá dúró sí iwájú ilé wa, ó ní ọdún mẹ́rin ni ọmọ òun ti ń retí irú ọjọ́ yẹn, pé ṣé Bàbá lè dá ọdún mẹ́rin náà padà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá ṣe ohun tí wọn ò ṣe rí láyé wọn. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn, a sì lọ sí ilé ẹni márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, wọn ò jókòó. Wọ́n á dúró ní àárín yàrá, wọ́n á ní, "Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí." Kò sí ilẹ̀kùn kankan tí wọ́n lè bá wọn kàn. Àwọn kan forí jì wọ́n, àwọn kan ní kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn àwọn márùn-ún yẹn, ilé Múfú ló kẹ́yìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a débẹ̀, Bàbá ní kí n padà sílé, àwọn nìkan ló máa lọ. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n ni. Wọn ò pẹ́ kí wọ́n tó dé. Mo bi wọ́n pé kí ni Ìyá Múfú sọ. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ní, "Ó ti parí níbẹ̀. Má bá wọn sọ ọ́ mọ́."

Kò parí. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Múfú kì í ta ẹja fún wa mọ́. Tí ó bá rí Bàbá lójú ọ̀nà, á gba òdìkejì. Mo kà á sí ìbínú eré yẹn, torí pé ọmọ rẹ̀ ni Bàbá ní kí ó jókòó lójú gbogbo ènìyàn. Ìrẹ̀pọ̀ túká. Múfú lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ìlàjẹ. Bàbá kò dé pápá mọ́.

Mo gbìyànjú. Fún bí oṣù méjì, mo ń wo gbogbo eré tí mo ti yà sórí fóònù. Mo kọ gbogbo ìgbà tí ọ̀tá gbé orí sókè, tó rí Múfú, tó sì dá bọ́ọ̀lù padà. Mo gé àwòrán wọn, mo fi ìlà yí ibi tó dúró sí ká, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Mo rí i pé ó ti ṣí i. Kò dáhùn. Mo tún fi ránṣẹ́, kò dáhùn. Mo gbé e lọ fún Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń wò ó. Wọ́n wò ó tán, wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní, "O ti rí i báyìí. Ta lo máa wá fi hàn?"

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó sì mú ahọ́n. Dókítà ní kí a máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń gbé wọn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí a jọ wo bọ́ọ̀lù. Bàbá á gbé ọwọ́ òsì tó kù sókè, wọ́n á nà án sí ibì kan lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo máa ń ní, "Ẹni yìí ni?" Wọ́n á mi orí pé rárá. "Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?" Wọ́n á mi orí. Nígbà tí mo bá fi máa pe ẹni kẹta, àwọn tó ń sáré á ti kúrò níbi tí wọ́n wà, ibi tí Bàbá nawọ́ sí á ti di ibòmíràn. Ọwọ́ náà á rọra padà sórí itan wọn. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń fi hàn mí rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn kedere jẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn náà dé, nígbà tí mo ń so bàtà wọn. Wọ́n ní, "Kò fún tó, Àjọkẹ́. Tú u, kí o tún un so."

Wọ́n kú láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, bí màmá mi ṣe ń po ògì wọn lọ́wọ́.

Múfú kò wá síbi ìsìnkú. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ló dé, lọ́sàn-án, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó kí màmá mi, ó kí mi, ó jókòó sí etí àga. Ó ní òun ronú títí kí òun tó wá. Mo rò pé tí mi ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Múfú, èmi ni mi ò kọ orúkọ ẹ. Bàbá bẹ̀ mí. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Torí pé mo kọ̀ ni wọ́n ṣe ní kí o jókòó, kí ọkùnrin yẹn lè rí bí ẹgbẹ́ ṣe máa rí tí o kò bá sí níbẹ̀."

Ó ní, "Àǹtí, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Bàbá wá sílé wa," ó ní. "Wọ́n sọ fún màámi pé ẹ̀yin ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, pé àwọn ni àwọn ní kí ẹ pa á rẹ́. Wọ́n ní àwọn rò pé mi ò tíì tó ni. Wọ́n ní kí màámi má bínú sí ẹnikẹ́ni àyàfi àwọn."

Màmá mi dìde, ó wọ inú ilé lọ. Múfú ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún òróró ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ìka kan nu ìkejì.

"Màámi ò kí Bàbá mọ́ títí Bàbá fi kú," ó ní. "Àǹtí, kí ni kí n wá lọ sọ fún wọn nílé?"